Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Tó Hù Lẹ́yìn Ojú Habibath

Bí àgbẹ̀ kan bá gbé àpò kajú dé ilé ìkẹ́rùsí Àlájì Saïd ní Tchaourou, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn títí Habibath yóò fi yẹ àpò náà wò. Obìnrin náà á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìdí, nítorí ó mọ̀ pé àwọn tó ń ta ọjà máa ń to èyí tó dára sókè. Á bu díẹ̀ níhìn-ín, á bu díẹ̀ lọ́hùn-ún, á jókòó sórí àpótí rẹ̀, á wá máa fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí inú rẹ̀ funfun bọ́ sínú abọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Èyí tó dúdú tàbí tí kòkòrò ti jẹ bọ́ sínú abọ́ ọwọ́ òsì. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ṣe é. Àwọn ará Goro mọ̀ ọ́n, àwọn ará Kika mọ̀ ọ́n, àwọn ará Alafiarou náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń sọ pé Tata Habibath, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀, kò lè gba ìyá tó bí i gan-an gbọ́. Wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Wọn kò bí i bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tí ọkọ rẹ̀, Idrissou, bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko iṣu lápá Kika. Ọkùnrin náà á lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, á padà wá pẹ̀lú iṣu àti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, Habibath á bu omi gbígbóná fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ fún ọdún mẹ́fà. Ní ọjọ́ kan, ó pọn ọmọ rẹ̀, Latifath, lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì gbé káàdì kan sókè, ó pe orúkọ bàbá ọmọ. Habibath dìde. Obìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn náà dìde, ó pọn ọmọkùnrin kan tí iwájú orí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Idrissou rárá. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni Habibath ti pinnu pé ohun tí òun bá fọwọ́ òun là, tí òun sì fojú òun rí inú rẹ̀, ni òun yóò máa gbà. Ó dá tọ́ Latifath dàgbà. Ọmọ náà di tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ń gbé títí di òní.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, nígbà tí kajú ń wọlé gan-an. Àlájì Saïd pè é sí ọ̀ọ́fíìsì.

"Habibath, àpò mẹ́rìnlá tí o ní ó dára, wọ́n ti dá wọn padà láti Cotonou. Ìdajì rẹ̀ ló dúdú."

"Àpò tí mo yẹ̀ wò? Kò ṣeé ṣe."

"Wọ́n wà níta. Lọ wò wọ́n."

Habibath kò tilẹ̀ lọ sí ìdí àpò. Ọ̀dọ̀ Oumou-Kalsoum ló gbà lọ. Oumou-Kalsoum ló ń rán ẹnu àpò lẹ́yìn tí Habibath bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì, ó sì ti ṣe díẹ̀ tí Habibath ti ń kíyè sí i pé obìnrin náà ń fẹ́ràn láti dúró sẹ́yìn òun, kó máa wo ọwọ́ òun. Ó ti dá a lójú pé ipò òun ló ń wá.

"Ìwọ lo pààrọ̀ wọn," ló sọ, níwájú gbogbo èèyàn. "O dúró kí n yẹ̀ ẹ́ wò tán, o wá da ìdọ̀tí sínú rẹ̀ kí o tó rán an."

Oumou-Kalsoum fi abẹ́rẹ́ ńlá ọwọ́ rẹ̀ gún àpò tó ń rán. Kò bínú, ohun tó sì ba Habibath lẹ́rù jù nìyẹn. Ó rìn lọ síbi abọ́ ọwọ́ ọ̀tún Habibath, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Tata, kí ni àwọ̀ èyí?"

"Funfun ni."

Dúdú ni ìdajì wọn lójú gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀. Alábàárù kan yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Habibath wò yíká, gbogbo ojú tó rí ló dà bí ojú àwọn tó ti jọ gbìmọ̀ lé e lórí. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé.

Ní ilé, ó pa ìlẹ̀kùn dé. Ó fi ọwọ́ bo ojú òsì, ó wo ìwé kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ó rí i, àmọ́ àwọn okùn dúdú wẹ́wẹ́ ń léfòó kọjá níwájú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún. Kàlẹ́ńdà di kùrukùru. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń rí àwọn okùn yẹn, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé ẹnì kan ló ń da nǹkan sínú omi tí òun fi ń bójú. Ó ti yí ibi tó ń gbé ìkòkò omi sí padà lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, bó ṣe ń dìde lórí ẹní ìrun àárọ̀, ohun kan bíi aṣọ pupa sọ̀ kalẹ̀ nínú ojú òsì rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Latifath kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó mú un wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Parakou.

Obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ń jẹ́ Dókítà Àìná, ọmọ Ṣábẹ̀ ni, ohùn Ṣábẹ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó kán oògùn sójú Habibath, ó tan iná sí i, ó sì ya àwòrán ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Ó wá yí ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ rẹ̀. Habibath sún mọ́ ọn. Ó rí ohun róbótó kan tó pọ́n bí ọsàn, àwọn okùn pupa sì lọ́ mọ́ra wọn níbì kan lára rẹ̀ bí irun tí wọn kò yà.

"Ọdún mélòó lẹ ti ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, Màmá?"

"Mẹ́jọ."

"Ṣé ẹ ń lo oògùn rẹ̀?"

"Mo máa ń lò ó." Latifath wo ilẹ̀. Ìgbà tó bá wu Habibath ló ń lò ó, nítorí ó gbà pé àwọn tó ń tà á ti fi ẹfun pò ó.

Dókítà náà fi ìka kan àwọn okùn pupa inú àwòrán. "Àwọn wọ̀nyí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ṣúgà ti ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn ojú yín jẹ́, àwọn kan ti dí pátápátá. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibì kan mọ́, ibẹ̀ á máa wá afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé wá. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ojú kò lè rí, tó para pọ̀ di ara wa, á wá tú èròjà kan jáde. Èròjà yẹn ló ń lọ sọ fún àwọn iṣan tó wà nítòsí pé kí wọ́n yọ ẹ̀ka tuntun."

"Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Kò burú nínú oyún, bẹ́ẹ̀ ni ara ọmọ ṣe ń ní iṣan. Kò burú bí ọ̀bẹ bá gé yín lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú egbò ṣe ń jiná. Àmọ́ àwọn tó hù sínú ojú yín yìí, ìkánjú ni wọ́n fi hù. Ara wọn kò le. Wọ́n ń jò, wọ́n sì ń já. Ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ rí bí aṣọ pupa yẹn."

"Kí lẹ máa ṣe sí i?"

"Oògùn kan wà tó máa ń so mọ́ èròjà náà, tí kò ní jẹ́ kó lè jíṣẹ́. Bí iṣẹ́ kò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn iṣan tuntun yẹn, wọ́n á súnkì, wọ́n á gbẹ. Abẹ́rẹ́ ni."

"Lápá àbí ní ìdí?"

"Nínú ojú, Màmá."

Habibath dìde. Ó so gèlè rẹ̀ le. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà. "Ẹ fún mi ní páálí oògùn náà."

Dókítà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni ti béèrè irú rẹ̀ rí. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú páálí òfìfo kan tí ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì fún un.

Nínú takisí tó ń padà sí Tchaourou, Latifath tẹ́ ìwé náà sórí itan rẹ̀, ó ń ka Faransé inú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni wọ́n ń lò ó fún. Ti ẹ̀dọ̀fóró náà. Ti kíndìnrín."

"Ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ ojú."

Latifath yí ìwé náà sí òdìkejì. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sí òkè.

"Màmá, kò sí ojú níbẹ̀."

Habibath gba ìwé náà, ó ká a, ó fi sí àyà rẹ̀.  Oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n fẹ́ gún sójú òun, òun tí kò ní jẹjẹrẹ! Tàbí ó ní in, tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún un? Tàbí wọ́n ń dán nǹkan wò lára àwọn ará oko, nítorí pé ará oko kò mọ ìwé? Ó wo Latifath tó jókòó tì í, ó sì ń rò ó bóyá ọmọ náà ti bá dókítà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò jáde. Okùn dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ojú ọ̀tún náà. Ó da omi gbígbóná sórí ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tó fẹ́ po ẹ̀kọ, ó sì fi pa mọ́ fún Latifath.

Oumou-Kalsoum ló wá. Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ ẹ̀pà wá, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Habibath gbóòórùn rẹ̀, kò sì na ọwọ́ sí i. Oumou-Kalsoum fi ìka bu ọbẹ̀ náà, ó fi sẹ́nu, ó gbé e mì, ó sì la ẹnu fún un kó rí i. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Habibath kó tó mọ̀.

"Latifath sọ ọ̀rọ̀ ìwé yẹn fún mi," ni Oumou-Kalsoum wí. "Mi ò mọ̀ bóyá obìnrin yẹn ń parọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́, mi ò tíì rí i kí o jókòó sílé kí o dá àpò ẹnikẹ́ni padà. O máa ń là á ni. Kí ló dé tí o kò lọ la obìnrin yẹn wò?"

Habibath fa abọ́ ọbẹ̀ náà sọ́dọ̀. "Mo fi ọ́ ṣẹ̀sín níwájú èèyàn," ló sọ níkẹyìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni o ṣe."

"Má bínú."

"Inú ń bí mi. Jẹ ọbẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, Habibath ju ìwé náà sórí tábìlì Dókítà Àìná. Kò jókòó. "Níbo ni ojú wà nínú èyí?"

"Kò sí níbẹ̀," ni dókítà dáhùn.

Habibath ti múra sílẹ̀ de irọ́. Kò múra sílẹ̀ de ìyẹn.

"Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Jẹjẹrẹ náà ń jẹun. Bí kókó rẹ̀ bá ti ń tóbi, ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí kò ní í tó o mọ́. Èròjà kan náà tí mo sọ fún yín ló ń tú jáde, kí iṣan lè hù wá bọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe oògùn náà fún jẹjẹrẹ. Àwọn dókítà ojú wá rí i pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ojú àwọn tó ní ṣúgà, wọ́n sì lò ó, wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tó ṣe oògùn yìí kò gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ojú. Àwọn oògùn míì wà tó ní ìwé àṣẹ ti ojú, àmọ́ wọ́n wọ́n débi pé mi ò lè rí wọn fún yín ní Parakou yìí. Ìgò kan èyí la máa ń pín sínú abẹ́rẹ́ púpọ̀."

"Ewu ńkọ́?"

"Ó wà. Bí kòkòrò àìsàn bá bá abẹ́rẹ́ wọlé, ojú lè fọ́ pátápátá. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan."

Habibath bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Egbò kan wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ tó ti lé ní oṣù méjì, Latifath gan-an kò mọ̀ sí i. "Oògùn tí kì í jẹ́ kí iṣan hù. Kí ló máa ṣe sí èyí?"

Dókítà Àìná kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà, ó wò ó dáadáa. Ìgbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ìbéèrè gidi lẹ béèrè yẹn. Ní ẹsẹ̀ yín, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń wá iṣan tuntun, iṣan kò sì hù. Àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà láti mú kó hù níbi tí a bá fẹ́, wọn ò tíì rí i ṣe bó ṣe yẹ. Oògùn tí a máa fi sójú kò pọ̀, ẹ̀kán kan ni, àmọ́ mi ò ní fún yín lónìí. Ẹ lọ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ẹsẹ̀ yìí. Ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú kí Habibath padà lọ. Láti ogún ọdún, kò rí ọlọ́jà ayédèrú kan tó ní kí òun má tíì rà.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹsẹ̀ náà, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Wọ́n kán oògùn tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora sí i lójú, wọ́n fi irin kékeré kan la ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀. Ó di ọwọ́ Latifath mú débi pé èékánná rẹ̀ wọlé. Kò rò pé ó dùn ún, ó kàn dà bí ìgbà tí èèyàn tẹ ojú rẹ̀ láti inú. Ó rí oògùn náà bó ṣe ń wọlé, ó ń lọ́ yípo bí epo nínú omi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó rí orúkọ oṣù lára kàlẹ́ńdà.

Ní ìgbà kejì, àwọn mẹ́jọ ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì kan gbé àpótí yìnyín tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ kọjá, ó gbé e sórí àga ìtòsí wọn kó lè ṣí ìlẹ̀kùn. Habibath na ọwọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e.

"Kò tutù."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ṣí i."

"Màmá!" Ojú ti Latifath. Ọkùnrin kan tó ti Nikki wá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má jẹ́ kí obìnrin yìí fi ọjọ́ àwọn ṣòfò. Habibath kò gbọ́ tiwọn. Ó ṣí àpótí náà fúnra rẹ̀. Omi ló wà nísàlẹ̀, kò sí yìnyín kankan, àwọn abẹ́rẹ́ wà nínú ọ̀rá wọn lórí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Ariwo ló mú dókítà jáde. Ó fọwọ́ kan omi náà. Ó béèrè nípa fírígò tí wọ́n ń tọ́jú oògùn sí. Wọ́n lọ wò ó, iná ti lọ láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, kò sì sí ẹni tó tan ẹ̀rọ amúnáwá nítorí olúkúlùkù rò pé ẹlòmíì ti tàn án. Nọ́ọ̀sì ní bóyá kò ṣe nǹkan, pé ooru náà kò pọ̀.

"Bóyá," ni Dókítà Àìná wí. "Mi ò mọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀, mi ò ní gún un sójú ẹnikẹ́ni." Ó da gbogbo rẹ̀ nù lójú wọn.

Àwọn mẹ́jọ náà padà sílé láìgba abẹ́rẹ́. Ará Nikki náà bú Habibath títí dé ojú títì.  Ní gbogbo ọ̀nà, ara rẹ̀ ni Habibath ń fura sí: bóyá oògùn yẹn ṣì dára, bóyá òun ti fi ìwà òun gba ojú lọ́wọ́ èèyàn méje. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, wọ́n pè wọ́n padà. Tẹ́mọ́mítà, ohun tí wọ́n fi ń wọn òtútù, ti wà lára àpótí náà, ìwé sì wà lórí fírígò níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń kọ bó ṣe tutù tó láàárọ̀ àti lálẹ́. Dókítà kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àmọ́ Habibath ló kọ́kọ́ pè wọlé.

Abẹ́rẹ́ márùn-ún ló gbà sí ojú kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi iná ẹ̀rọ jó àwọn ibì kan lẹ́yìn ojú náà kí wọ́n má bàa tú èròjà yẹn jáde mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jiná. Oògùn ṣúgà, ó ń lò ó lójoojúmọ́ báyìí, lẹ́yìn tó ti rọ dókítà títí ó fi jẹ́ kó rí ibi tí wọ́n ti ń já páálí rẹ̀. Ojú ọ̀tún mọ́ tó láti yẹ kajú wò. Ojú òsì kò padà bọ̀ sípò. Àwọn iṣan tuntun yẹn gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpá tí wọ́n fi sílẹ̀ ti fa ẹ̀yìn ojú náà ya. Òjìji ọwọ́ nìkan ló lè rí níbẹ̀. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, Oumou-Kalsoum sì ń jókòó sọ́wọ́ òsì rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń la kajú, wọ́n sì ń jà lórí àwọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó lọ fún àyẹ̀wò tó gbẹ̀yìn, ó béèrè ohun tó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi jókòó sílé yẹn. Ká ní mo ti wá, ṣé ojú òsì yìí ì bá là?"

Dókítà Àìná bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ó ṣeé ṣe. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà."

"Ẹ ṣeun tí ẹ kò parọ́," ni Habibath wí.

Nínú takisí, Latifath fẹ́ sọ ohun kan tó máa tù ú nínú, ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́. Ó yí orí kó lè fi ojú ọ̀tún wo ìta. Oko kajú ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òdòdó wọn ti ń yọ. Ó ń ka àwọn ìdí igi tí wọn kò ro, ó sì ń bi awakọ̀ léèrè ẹni tó ni wọ́n, kó lè mọ àpò tí òun yóò kọ́kọ́ fura sí.